Ife Ejìnrìn Mọ́mì Jesse

Ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, kò sí ẹni tó ń sùn kọjá aago méje ní kílóòsì, ìyẹn òpópónà kékeré wa. Clement, alága àwọn ará kílóòsì, ni kì í jẹ́ ká sùn. Yóò wọ ṣòkòtò péńpé, yóò ki fèrè bọ ẹnu, yóò sì máa fọn ọ́n láti ojúlé kìíní dé ojúlé kẹrìnlá pé kí oníkálùkù jáde wá kó gọ́tà. Ìjọba kọ́ ló rán an. Àwa fúnra wa la dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tí àgbàrá wọ yàrá mi, tó sì gbé bàtà mi ẹsẹ̀ kan lọ.

Èmi ni Màmá Tóyọ̀sí. Ilé mi ló dojú kọ ilé Dádì Jesse àti Mọ́mì Jesse, ní kílóòsì kan tó yà lára Fifth Avenue ní Festac. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí a ti jọ ń gbé. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera ládùúgbò wa, ìgbìmọ̀ náà ló ní kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kí ẹ lè kà á. Tọkọtaya náà fọwọ́ sí i. Mọ́mì Jesse tilẹ̀ ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, kí n má fi ìkankan pamọ́, nítorí ìfipamọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òun di opó.

Olúgbóyèga Akínfẹ́nwá lorúkọ Dádì Jesse gan-an. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n fáìlì kò fẹ̀yìn tì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé owó iná ní fáìlì tirẹ̀, ìwé owó omi ní tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ ní tirẹ̀. Nígbà tí mo yá àkàbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n buwọ́ lùwé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo buwọ́ lù ú.

Rosaline lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ara ọgbà onírin ilé wọn ni ejìnrìn ti fà, ó fà títí ó fi bo ọgbà náà láti òkè délẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ejìnrìn. Ewé rẹ̀ là bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, èso rẹ̀ a máa pọ́n, a là fúnra rẹ̀, kóró pupa a sì yọjú níbẹ̀. Ní ti kíkorò, ẹ má dárúkọ ewúro níbẹ̀ rárá.

Kò sí ọmọ tí a tọ́ ní kílóòsì wa tí Mọ́mì Jesse kò fi ejìnrìn wẹ̀ fún rí. Tóyọ̀sí ọmọ mi wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí nǹkan wínníwínní sú bò ó lára, tí kò jẹ́ kó sùn, tí èmi náà kò sì sùn. Mọ́mì Jesse ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó já ejìnrìn, ó gbo ó sínú omi, ó wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara ọmọ mi jọ̀lọ̀. Tóyọ̀sí yẹn ti di apoògùn báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan ní Mazamaza.

Ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn ni Mọ́mì Jesse títí di ọdún tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Ọláníran. Àtọ̀gbẹ ló ṣe bọ̀dá náà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní ó ní oògùn oníhóró tó ń lò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ yẹn ni Mọ́mì Jesse ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé oògùn dókítà ló jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀rín rẹ̀ sì wọlé lọ.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yẹ Dádì Jesse wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní òun náà ní àtọ̀gbẹ. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró kan tí yóò máa lò láàárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ.

Mọ́mì Jesse wá bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀. Mo wà níbẹ̀, ata ni mo wá tọrọ.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ fi oògùn yẹn sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣe Bọ̀dá mi ṣe yín. Èmi á máa gún ejìnrìn fún yín láràárọ̀."

Dádì Jesse yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Mo ti gbọ́," ó ní.

Èmi náà dá sí i. Mo ní, "Ejìnrìn dára o." Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹnu mi ni kì í dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Mọ́mì Jesse ti ń jí gún ejìnrìn. Yóò sẹ́ ẹ sínú ife kan tó ní òdòdó lára, yóò gbé e lọ fún ọkọ rẹ̀, yóò dúró tì í títí yóò fi mu ún tán. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti máa ń rí i, tó bá ń gbé ife yẹn lọ, ẹ̀rín ti padà sẹ́nu rẹ̀.

Ó wá di Sátidé kan nínú oṣù Keje. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, gọ́tà kún fún ẹrẹ̀. Ìjọ Dádì Jesse wà nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣínu. Síbẹ̀, nígbà tí fèrè Clement dún, Dádì Jesse gbé ṣọ́bìrì jáde. A ní kó lọ jókòó, ó ní òun kò fẹ́ kí orúkọ òun wà lára àwọn tí kò wá síbi iṣẹ́.

Clement fi àdá tọ́ka sí ọgbà.

"Mọ́mì Jesse, ẹ jọ̀ọ́ mà, ejìnrìn yìí ti ń wọ gọ́tà. Ẹ jẹ́ ká gé e kúrò. Ejò lè fara pamọ́ síbẹ̀."

"Ejò wo? Ejìnrìn tó mú ara àwọn ọmọ rẹ jọ̀lọ̀ lo fẹ́ gé? Òun ni ọkọ mi ń mu o. Tó o bá gé e, ìwọ lo máa wá òmíràn wá fún mi láràárọ̀."

"Kí n kàn rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ mà."

"Rẹ́ ẹsẹ̀ tìẹ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Clement fi àdá sílẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀.

Kò tíì tó wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí Dádì Jesse dúró lórí iṣẹ́. Ó wo Clement lójú, ó ní, "Fáìlì yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Àgbà?"

A tún rẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà rẹ̀ náà ni. Clement tilẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó ní, "Ó wà lórí tábìlì wọn, sà." Títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ojú ara mi ń tì mí.

Dádì Jesse kò rẹ́rìn-ín. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sí etí gọ́tà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Òtútù òjò ṣì wà lójú ọjọ́, kódà èmi wọ súwẹ́tà, ṣùgbọ́n òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ṣúgà rẹ̀ ti gùn sókè," Mọ́mì Jesse ní. "Ṣúgà rẹ̀ ti gùn, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Bọ̀dá mi nìyẹn."

Ó sáré wọlé. Nígbà tó máa jáde, ife olódòdó yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ejìnrìn kún un dẹ́nu, ó ń dà sí i lọ́wọ́ bó ṣe ń bọ̀.

Àfi bí Tóyọ̀sí ṣe já jáde láti ilé wa. Aṣọ ló ń fọ̀, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó wo Dádì Jesse lẹ́ẹ̀kan, ó wo ife, ó sì bọ́ síwájú Mọ́mì Jesse.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

"Tóyọ̀sí, kúrò lọ́nà."

Tóyọ̀sí kò kúrò. Ó kúnlẹ̀. Inú ẹrẹ̀ gọ́tà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde ló kúnlẹ̀ sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú.

"Mo kúnlẹ̀, mà. Tó bá yá, kí ẹ bá mi wí. Ẹ má tíì fún wọn." Ó yíjú sí mi. "Màámi, báàgì mi dúdú, ó wà lórí àga."

Mo sáré lọ gbé e. Eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, mi ò sá irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi. Inú báàgì náà ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Tóyọ̀sí nu ìka Dádì Jesse, ó gún un, ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sára ẹ̀rọ náà. Gbogbo wa dúró. Clement gan-an gbàgbé fèrè sẹ́nu.

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta," Tóyọ̀sí ní. "Mọ́mì, ṣúgà wọn ò gùn. Ó ti já wálẹ̀ jù ni. Kò yẹ kó wá sísàlẹ̀ àádọ́rin. Ẹ bá mi po ṣúgà mọ́ omi, ṣíbí kékeré mẹ́rin, kíákíá."

"Ṣúgà kẹ̀?" Mọ́mì Jesse ní. "Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé ẹ fẹ́ pa ọkọ mi lójú mi ni?"

Clement rọra ní, "Tóyọ̀sí, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bọ̀dá Clement. Tó bá gùn, a ṣì ní àkókò láti wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó já wálẹ̀ yìí ò ní dúró dè wá."

Mọ́mì Jesse yíjú sí mi. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n, mi ò rí i kó wò mí báyẹn rí. "Màmá Tóyọ̀sí, ọmọ rẹ ni. Ṣé kí n gbà á gbọ́?"

Kí n má parọ́ fún yín, kò dá èmi náà lójú. Ọmọ mi ni, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Ta ló mọ̀ bóyá ó tọ̀nà? Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ ọdún mẹ́rin kan tó ń sunkún lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Mọ́mì Jesse, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Mi ò bi yín léèrè kankan, mo kàn gbé e fún yín. Ẹ gbé ọkọ yín fún un lónìí."

Mọ́mì Jesse da ejìnrìn ọwọ́ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọgbà, ó wọlé, ó ṣan ife náà, ó po ṣúgà sínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá.

Tóyọ̀sí kọ́kọ́ bi Dádì Jesse pé, "Dádì, ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ lè gbé nǹkan mì?" Dádì Jesse mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé ife sí i lẹ́nu, bàbá yí ẹnu kúrò.

"Ààwẹ̀," ó ní. "Mò ń gbààwẹ̀."

"Ọlọ́run ń wò yín," Mọ́mì Jesse ní. "Ẹ mu ún."

Ó mu ún. Tóyọ̀sí ní ká dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn gùn ju ọdún kan lọ. Mọ́mì Jesse jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé àyà, ó ń pe orúkọ Jésù lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí Tóyọ̀sí tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti di méjìdínláàádọ́rin. Ó ní ká tún fún un ní omi ṣúgà. Ìgbà kẹta tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. A fún un ní búrẹ́dì àti ẹyin. Òógùn rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo gbogbo wa bí a ṣe yí i ká, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mí.

Tóyọ̀sí jókòó tì wọ́n. "Mọ́mì, kí ni Dádì lò láàárọ̀ yìí?"

"Ejìnrìn nìkan, ó ní àgbo kò ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Nítorí iṣẹ́ gọ́tà, mo fẹ́ kí ara rẹ̀ le, mo ṣe é ní ìlọ́po méjì."

"Oògùn dókítà ńkọ́?"

"Ó ti fi í sílẹ̀, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Mo máa ń wo páálí oògùn náà nínú dúrọ́ọ̀. Kò dín."

Dádì Jesse sọ orí kodò. "Rosaline, lọ wo ẹ̀yìn àwọn ìwé ìfẹ̀yìntì mi. Fáìlì aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀."

Mọ́mì Jesse lọ gbé e wá. Ó ṣí i lójú gbogbo wa. Àwọn àpòòwé kékeré ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dádì Jesse ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ àti oṣù sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé ní hóró oògùn kọ̀ọ̀kan nínú. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ṣófo, ó sì kọ ọ́ sí i pé: A ti lò ó. Mọ́mì Jesse wá ti Sátidé yẹn jáde. Ó ṣófo.

"Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ńkọ́?" ó bi í.

"Ìyẹn..." Dádì Jesse wo ilẹ̀. "Ẹ̀dà nìyẹn, mo ra méjì."

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rín ìbá pa mí. Lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ń parọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí wá?"

"Mi ò parọ́. Mi ò kàn sọ ni."

"Ṣé ẹ sọ ọ̀rọ̀ ejìnrìn fún dókítà?" Tóyọ̀sí ló bi í léèyí.

"Kò bi mí."

Ẹ ò rí nǹkan. Ó sọ ìlàjì fún ìyàwó, ó sọ ìlàjì fún dókítà, kó má bàa ṣẹ ẹnì kankan. Odindi ọ̀rọ̀ náà, inú fáìlì nìkan ló wà.

Tóyọ̀sí fa ọwọ́ Mọ́mì Jesse mọ́ra. "Mọ́mì, ejìnrìn kì í ṣe ewé lásán. Òótọ́ ni pé ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Àwọn àgbà wa ò purọ́."

"O gbọ́?" Mọ́mì Jesse sọ fún Clement.

"Ṣùgbọ́n oògùn dókítà náà ń fà á wálẹ̀, mà. Dádì lo oògùn, wọ́n mu ejìnrìn lé e, wọn ò jẹun nítorí ààwẹ̀, wọ́n tún wá ń kó ẹrẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ń gbé e dúró. Tẹ́ ẹ bá wá fún wọn ní ife kejì..." Kò parí rẹ̀. "Hóró oògùn kan, a mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀. Ejìnrìn tí ẹ ń gún, kí lẹ fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n."

"Ẹ rí i. Tàná lè rọ̀, tòní lè le, ẹ ò sì ní mọ̀. Ní ti Bọ̀dá Ọláníran, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé?"

Mọ́mì Jesse ní, "Ó máa ń fò ó. Tí ara rẹ̀ bá ti yá báyìí, ó máa ní ó ti tó."

"Oògùn kọ́ ló jẹ ẹsẹ̀ wọn, mà. Ṣúgà tó ga tí ẹnikẹ́ni ò ká lọ́wọ́ kò ló jẹ ẹ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Tóyọ̀sí ní ká máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní irú oògùn tí bàbá lò yẹn máa ń pẹ́ lára, ó lè tún fa ṣúgà wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, pàápàá fún àgbàlagbà. Clement gbé mọ́tò rẹ̀ jáde pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé yẹn náà. Ọmọ mi tọ̀nà. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ṣúgà bàbá tún já wálẹ̀ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fa omi sí i lára. Ká ní ilé ló wà, tó ń sun oorun ọ̀sán, mi ò mọ ohun tí à bá máa sọ lónìí.

Wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan báyìí, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Ká ní mo ti mọ̀ ni, à bá ti jọ wá ọ̀nà sí i." Ó ní kí wọ́n dá ejìnrìn mímu dúró, ó sì yí oògùn bàbá padà sí ìwọ̀n tó bá a mu. Ó ní bí ààwẹ̀ bá tún dé, kó kọ́kọ́ wá rí òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró yẹn, mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Mo bá wọn lórí ọ̀rọ̀, mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ mí, mi ò padà sẹ́yìn.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Mọ́mì Jesse ń bi í.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Ọláníran, o kì í rẹ́rìn-ín mọ́," Dádì Jesse ní. "Àfi láàárọ̀, tó o bá gbé ife yẹn wọlé. Mi ò lè sọ fún ọ pé mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí ló wá dé tí ẹ tún ń lo oògùn?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kú kí n fi ọ́ sílẹ̀."

Mọ́mì Jesse sunkún nígbà náà. "Èmi náà, ẹ̀rù ló ń bà mí."

Mo gbé abọ́ oúnjẹ dání, èmi náà ń sunkún. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń gún ewé, èkejì ń kó oògùn sínú àpòòwé, orí ibùsùn kan náà ni wọ́n sì jọ ń sùn.

Ejìnrìn ṣì wà lára ọgbà wọn. Nígbà tí Sátidé ìparí oṣù tún pé, Clement gbé àdá dé, Dádì Jesse bi í pé níbo ni ìwé àṣẹ wà. Mọ́mì Jesse ló ní kó rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kó má bàa dí gọ́tà. Bí ara bá ń yún ọmọ kan ládùúgbò, wọ́n ṣì ń wá já a láti fi wẹ̀. Mọ́mì Jesse yóò fún wọn, yóò sì sọ fún ìyá ọmọ pé bí kò bá lọ lọ́jọ́ mẹ́ta, kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Festac, ní Satellite Town, ní gbogbo Amuwo-Odofin, mi ò ní kí ẹ kórìíra ewé. Ewé àwọn baba wa lágbára, nítorí pé ó lágbára ni mo ṣe ń sọ èyí. Ohun tó bá lágbára, ẹ má fi pamọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Bí ẹ bá lọ rí dókítà tàbí apoògùn, ẹ sọ gbogbo ewé, gbogbo àgbo tí ẹ ń mu fún wọn. Bí wọn ò bá bi yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ má da ejìnrìn pọ̀ mọ́ oògùn àtọ̀gbẹ láìgba ìmọ̀ràn, ẹ má sì dá fi oògùn yín sílẹ̀ nítorí pé aládùúgbò yín kan ní ewé dára. Èmi ni aládùúgbò yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá dédé ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí, ẹ má fi rẹ́rìn-ín bí a ti ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ṣúgà rẹ̀ ti já wálẹ̀. Bó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e, kí ẹ máa sáré lọ. Aláìsàn tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ mu ejìnrìn, ó lè ba oyún jẹ́. Kóró pupa inú èso rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa fi ṣeré jẹ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ bi í ohun tó ń lò, kí ẹ sì sọ tiyín fún un.

Láàárọ̀ òní, kí n tó jókòó kọ èyí, mo wo ìta láti ojú fèrèsé mi. Mọ́mì Jesse ń gbé ife olódòdó yẹn lọ fún ọkọ rẹ̀, àpòòwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Omi lásán ló wà nínú ife náà. Ó ń rẹ́rìn-ín.